Kí o tó máa jí ní aago mẹ́ta òru nítorí òwò

Àbúrò mi, o kú làálàá. O ní Ìyìn-Èkìtì lò ń gbé, ọ́fíìsì ìjọba ní Adó-Èkìtì lo ti ń ṣiṣẹ́, owó oṣù kì í tó yín dé ogúnjọ́ oṣù mọ́, ìyàwó rẹ sì ń tọ́ ọmọ oṣù mẹ́rin lọ́wọ́. O fẹ́ máa jí ní aago mẹ́ta òru kí o lè máa din ṣínṣín àti búnsì tí wàá gbé fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù kó o tó wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ohun tí o bèèrè ni pé ọgbọ́n wo lèèyàn ń dá tí ara fi ń gbà láti jí. Wọ́n ti ní kó o gbé fóònù jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì, kó o máa bu omi tútù sójú, kó o máa mu kọfí. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Èmi fẹ́ bi ọ́ léèrè ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi ọ́: aago mélòó lò ń sùn?

Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni mo ti ń se mọ́ínmọ́ín tà kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Iléèwé aládàáni kan ní Adó ni mo ti ń ṣe akọ̀wé owó. Aago méje ààbọ̀ la ń wọlé, aago mẹ́rin la ń jáde. Ìwọ náà rántí ọdún yẹn. Ìparí oṣù karùn-ún ni wọ́n kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ lórí epo mọ́, lítà epo tí a ń rà ní nǹkan bí ₦190 sì di ₦500 kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Owó ọkọ̀ láti àdúgbò Bàsírì dé ibi iṣẹ́ mi gòkè lọ́jọ́ kan náà, owó oṣù mi wà níbi tó wà. Mo ti mọ mọ́ínmọ́ín ín sè láti kékeré, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kì í sì í rí àyè jẹun láàárọ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Mo rí i pé ọjà wà. Ohun tí mi ò rí ni àsìkò, mo bá lọ mú un nínú oorun mi.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Màá ti ibi iṣẹ́ dé, màá dáná alẹ́, màá bá àwọn ọmọ ṣe iṣẹ́ iléèwé wọn, màá wo ìròyìn, màá tẹ fóònù díẹ̀. Nígbà tí aago mọ́kànlá bá ń lọ lù, màá rẹ ẹ̀wà sómi, màá sùn. Aago mẹ́ta, mo ti dìde. Wákàtí mẹ́rin péré. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ara mi yá gágá. Mo rò pé mo ti borí. Mo tilẹ̀ ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi wí pé oorun ló ń sọ wọ́n di tálákà, ọ̀rọ̀ tó dùn mí lónìí pé mo sọ ọ́.

Ìṣòro tó kọ́kọ́ dé kì í ṣe ti ara. Ẹlẹ́rọ tó ń lọ ata ní àdúgbò wa kì í ṣí kó tó di aago mẹ́fà, mọ́ínmọ́ín sì gbọ́dọ̀ lò tó wákàtí kan lórí iná. Mo ní ẹ̀rọ ìlọta kékeré tó ń lo iná mànàmáná, iná ò sì sí lóru. Mo tan jẹnẹrétọ̀ kékeré wa ní aago mẹ́rin ìdájí. Ní ọjọ́ kejì tí mo tan án, onílé kan ilẹ̀kùn wa, ó ní ọmọ tuntun wà ní ilé kejì, ìyá ọmọ náà ò sì tíì sùn rárá. Ó jàre, mo tọrọ àforíjì. Ni mo bá ń lọ ẹ̀wà sílẹ̀ lálẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí a bá ti lọ̀ kì í dúró. Ooru á mú un, á máa hó, kí ilẹ̀ tó mọ́ á ti kan. Ẹ̀wà kóńgò méjì ni mo dà nù láàárọ̀ ọjọ́ kan, tèmi ti ewé tí mo ti fọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mo sunkún.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, oorun wá gba ohun tí mo jẹ ẹ́. Mo ti gbé ìkòkò kaná ní aago márùn-ún kọjá díẹ̀, mo jókòó sórí àga ìdáná pé kí n sinmi ẹsẹ̀. Èéfín ló jí mi. Omi ti gbẹ, ewé ìsàlẹ̀ ti jóná, gbogbo àádọ́ta mọ́ínmọ́ín náà ń rùn èéfín, àwọn ọmọ mi méjèèjì sì ń wúkọ́ nínú yàrá. Gáàsì ni mo ń lò. Tí mo bá ń rántí rẹ̀ títí di òní, ọwọ́ mi máa ń tutù. Àbúrò mi, omi ló wà nínú ìkòkò tèmi. Òróró gbígbóná ló máa wà nínú tìẹ.

Dípò kí n gbọ́ ìkìlọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ obì. Mo ń jẹ ẹ́ ní ìdájí kí ojú mi lè là, mo tún ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án níbi iṣẹ́ kí n má bàa tòògbé lórí tábìlì. Ohun tó wà nínú obì náà ló wà nínú kọfí, ìyẹn kaféènì, kì í sì í tètè kúrò lára. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀. Obì tí mo jẹ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kì í jẹ́ kí n sùn ní aago mẹ́wàá, àìsùn yẹn ló sì ń mú mi jẹ òmíràn ní ọjọ́ kejì.

Ibi iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá bọ́ síta. Òbí kan san ₦54,000, mo kọ ₦45,000 sínú ìwé owó. Ọjọ́ mẹ́ta la fi wá ₦9,000 tó ṣẹ́kù, ojú tí wọ́n sì fi ń wò mí láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, mi ò lè gbàgbé. Olè kọ́ ni mo jà. Ojú mi ti kún fún oorun, mi ò mọ ohun tí ọwọ́ mi ń kọ. Bí mo bá pàdánù iṣẹ́ yẹn ni, èrè mọ́ínmọ́ín ọdún kan ò ní dí i.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni orí fífọ́ gbé mi dé ọsibítù. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó ti ga dé 160 lórí 100. Mo ti ń retí pé dókítà á bá mi sọ̀rọ̀ nípa iyọ̀ àti epo pupa. Ó kàn wò mí, ó ní, “Ẹ̀yin mà, wákàtí mélòó lẹ ń sùn lóru?” Nígbà tí mo sọ fún un, ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣàlàyé pé àgbàlagbà nílò ó kéré tán wákàtí méje, pé àìsùn tó bá ti di bárakú máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ rìn, àti pé oorun ọjọ́ Sunday kan kì í san gbèsè ọjọ́ mẹ́fà.

Ní ọ̀nà ilé ni mo ti rántí ìyá ìyá mi ní Ìjerò. Àkùkọ àkọ́kọ́ kì í kọ bá màmá lórí ẹní. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti pọn omi, wọ́n á ti gbé ẹ̀kọ kaná, àwọn obìnrin ìgbà yẹn á ti wà lójú ọ̀nà ọjà. Bí a ṣe ń fi wọ́n ṣàpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wa nìyẹn. Ohun tí a kì í sọ mọ́ ọn ni pé nígbà tí àwa ọmọ bá ṣì ń pa àlọ́, màmá ti ń hanrun. Kò sí iná, kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sí fóònù. Wọ́n jẹun tán lálẹ́, wọ́n sùn. Bí wọ́n bá jí ní aago mẹ́rin, wákàtí méje tàbí mẹ́jọ ni wọ́n ti sùn. Ìdìde wọn la mú, a fi ìdùbúlẹ̀ wọn sílẹ̀.

Mo dáwọ́ dúró fún oṣù kan gbáko. Nígbà tí mo máa padà bẹ̀rẹ̀, mi ò bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí. Alẹ́ ni mo kọ́kọ́ tún ṣe, ó sì gba ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú èèyàn púpọ̀. Mo bá ọkọ mi jókòó, mo ní èmi ò lè máa ṣe iṣẹ́ iléèwé pẹ̀lú àwọn ọmọ mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Ó gbà á. Mo lọ bá olórí akọrin wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣàlàyé pé ìgbáradì ọjọ́ Wednesday tó ń parí ní aago mẹ́sàn-án kọjá kò ní ṣeé ṣe fún mi mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n máa wá ti ọjọ́ Saturday nìkan. Ìyẹn nira fún mi ju àìjẹ obì lọ, torí mo fẹ́ràn orin. Mo sọ fún àwọn ẹbí pé bí aago mẹ́jọ bá ti lù, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, màá rí i láàárọ̀. Àwọn kan bínú. Bàbá mi nìkan ni mo ń gbé ìpè wọn lẹ́yìn àsìkò yẹn.

Gbogbo iṣẹ́ tó bá ní ariwo tàbí tó nílò ẹlòmíràn, mo kó o kúrò ní ìdájí. Bí mo bá ti wọlé báyìí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ẹ̀wà tí ọmọ mi àgbà ti rẹ sómi nígbà tó ti iléèwé dé la ó jọ bó. Aago mẹ́fà, ó ti wà lọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ. Mo máa ń ní kó lọ̀ ọ́ kó ki, kó má fi omi púpọ̀ sí i, kó má sì da àlùbọ́sà pọ̀ mọ́ ọn. Ata àti àlùbọ́sà ní ike tiwọn. Mo ra kúlà ńlá kan tí ẹnìkan ti lò rí, mo ń ra yìnyín lọ́wọ́ ìyá kan tó ní fírísà lẹ́bàá ọ̀nà, màá gbé ike ẹ̀wà sáàárín yìnyín, màá dé e pa. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀wà ò kan mọ́ mi lọ́wọ́. Ewé eéran ti wà ní fífọ̀, iyọ̀ àti ẹja ti wà lójú kan, ìṣáná wà lórí gáàsì. Aago mẹ́jọ ààbọ̀, mo ti sùn.

Aago mẹ́rin ni mo ń jí. Wákàtí méje ààbọ̀ nìyẹn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí ṣáájú fóònù. Màá tan àtùpà tó mọ́lẹ̀ dáadáa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí nínú òkùnkùn ara ò ní gbà pé ilẹ̀ fẹ́ mọ́. Lásìkò ọyẹ́ lọ́dọ̀ wa, oòrùn kì í yọ títí aago méje á fi ku díẹ̀. Ìdájí tèmi ò ní iṣẹ́ púpọ̀ mọ́: kí n pò ó, kí n pọ́n ọn, kí n gbé e kaná. Nígbà tó bá wà lórí iná, mo ń gbàdúrà, mo ń wẹ̀, mo sì ti ra aago ìdáná kékeré kan tó ń dún ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú kí n lè yẹ omi wò. Mi ò tún jókòó sórí àga yẹn láàárọ̀ mọ́. Aago mẹ́fà ààbọ̀, ọlọ́kadà tí mo bá ṣe àdéhùn ti dé ẹnu ọ̀nà. Mi ò kì í jáde fúnra mi nínú òkùnkùn.

Ọjọ́ Monday sí Thursday ni mo ń tà. Ìsọ́ òru máa ń wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lálẹ́ Friday, mi ò sì fẹ́ kí ohunkóhun gba ìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rin tí iṣẹ́ ń lọ dáadáa dára ju ọjọ́ mẹ́fà tí ìkòkò ń jóná lọ.

Ti owó, jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọdún 2024 tí ẹ̀wà di góòlù, kóńgò méjì gba ₦7,000 lọ́wọ́ mi, ata, àlùbọ́sà, òróró àti ẹja jẹ́ ₦2,500, gáàsì, ewé àti yìnyín ₦1,700, ọlọ́kadà ₦800. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦12,000. Àádọ́ta mọ́ínmọ́ín ní ₦300 jẹ́ ₦15,000. ₦3,000 ni mo ń jẹ lọ́jọ́ kan nígbà yẹn, nǹkan bí ₦48,000 lóṣù. Nígbà tí mo ń fi ara mi wọ́lẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́fà, kò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí lọ, torí èyí tó kan, èyí tó jóná àti owó oògùn ló ń gba ìyókù. Ohun kan tún ràn mí lọ́wọ́: ẹni tí kò bá sọ iye tó fẹ́ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, mi ò ní se tirẹ̀. Mi ò kì í gbé ọjà ṣẹ́kù wálé.

Ó wá ku tìẹ. Kí ló gbé ṣínṣín dé aago mẹ́ta òru? Ṣínṣín tó gbẹ dáadáa, tí o jẹ́ kó tutù kó o tó dì í sínú ike tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, yóò pé ọ̀sẹ̀ méjì láìsí ìyọnu. Ọ̀sán Saturday ni kí ẹ máa din ín, nígbà tí ojú yín là, tí ẹnìkan sì wà tó máa gbé ọmọ jìnnà sí ìdáná. Ohun tó bá gbọ́dọ̀ gbóná fún oníbàárà láàárọ̀ nìkan lèèyàn ń jí sí. Búnsì wà lára ìyẹn, ó sì lè dúró títí ọmọ á fi dàgbà díẹ̀. Ìyá ọmọ oṣù mẹ́rin kì í sábà rí oorun púpọ̀ sùn láìjí; jọ̀ọ́, má ṣe ka ìdájí rẹ̀ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ.

Ohun kejì, tí mo mọ̀ pé kò ní dùn ọ́ gbọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọ́. Òfin Orílẹ̀-èdè ọdún 1999, nínú Àfikún Karùn-ún rẹ̀, kò gbà kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń fi gbogbo àkókò iṣẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìjọba máa darí òwò àdáni tàbí kó lọ́wọ́ nínú ìṣàkóso rẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó yọ sílẹ̀. Ka ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ dáadáa kó o tó gbé ìkòkò kaná. Bí ṣínṣín náà bá jẹ́ ti ìyàwó rẹ lóòótọ́, tó jẹ́ pé òun ló ń darí, òun ló ń gba owó, tí ìwọ kàn ń ràn án lọ́wọ́ ní Saturday gẹ́gẹ́ bí ọkọ, ìyẹn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbà ọ́ níyànjú pé kó o fi orúkọ rẹ̀ bojú.

Bó bá wá jẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lo máa mú, ilẹ̀ ò wọ́n ní Ìyìn bíi ti Adó. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àádọ́ta adìyẹ tó ń yé ẹyin. Wọn yóò jẹ tó kílò mẹ́fà oúnjẹ lóòjọ́, àpò kílò 25 yóò sì bá wọn dé nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin. Ó tó ogún ọ̀sẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ òròmọdìyẹ kí wọ́n tó máa yé, nítorí náà owó oúnjẹ oṣù márùn-ún gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́, kó o sì gba abẹ́rẹ́ àti oògùn lùkúlùkú fún wọn lásìkò. Láàárín aago márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, omi, oúnjẹ àti ìgbálẹ̀ ti parí. Kò sí òróró gbígbóná níbẹ̀, òfin ò sì ní fẹ̀sùn kàn ọ́.

Èyíkéyìí tó o bá mú, má ra ohunkóhun lọ́sẹ̀ yìí. Fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, sùn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, kó o má ṣe òwò kankan ní ìdájí náà. Tún ilé ṣe, gbá àgbàlá, gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ kí ó lè sùn. Kọ iye wákàtí tó o sùn lálaalẹ́ sínú ìwé, kó o sì kọ ohun tó dí ọ lọ́wọ́ ní alẹ́ tí o kò bá lè sùn ní mẹ́sàn-án: ṣé bọ́ọ̀lù ni, ṣé ìpàdé ni, ṣé fóònù ni, ṣé àlejò ni. Mú ìwé náà padà wá bá mi ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ká jọ wò ó. Aago mẹ́jọ ti ń lọ, ẹ̀wà ti wà nínú yìnyín, mo fẹ́ lọ sùn.